Ibi Tí Wọ́n Kà sí Ìyàngbò

Ìyá mi,

Ẹ kú ìkórè. Ara wa le nílé ìwòsàn níbí. Oògùn tí wọ́n fún Duangjai ti jẹ́ kí irun rẹ̀ re tán, ṣùgbọ́n fìlà yẹ ẹ́ ju irun lọ. Èmi náà ń sùn dáadáa, àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn rọ̀.

Mo tún bi dókítà bóyá èmi ni mo ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi jẹ́. Ó ní, "Ìyá Duangjai, ẹ tún ti dé! Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi." Ó ní ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún dára, àmọ́ lẹ́yìn ìbí, ara máa ń tì í pa. Àṣẹ ìtìpa yẹn wà nínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá wa, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé kà sí ìyàngbò tẹ́lẹ̀, torí wọ́n rò pé kò wúlò. Ibẹ̀ ni wọ́n gé nínú ẹ̀jẹ̀ Duangjai, kí ẹ̀jẹ̀ inú oyún yẹn lè padà wá ṣiṣẹ́. Bóyá mi ò ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, ìwé girama ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ tún ibẹ̀ yẹ̀ wò.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn ti ń padà, Ìyá. Wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí Duangjai lára lóṣù yìí bí wọ́n ti máa ń ṣe. Lánàá ó ju ṣíbí sílẹ̀: "Ìrẹsì tí kì í lẹ̀ mọ́wọ́ bíi ti ilé wa, ta ló ń jẹ ẹ́?" Nọ́ọ̀sì rojú, inú mi dùn.

Ẹ bá mi kí bàbá Duangjai. Ẹ sọ fún un pé kò pọn dandan kó wá, àmọ́ tó bá ń bọ̀, kó tètè máa bọ̀.

Ọmọ yín,
Wilaiwan