Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìwàrà

Ẹ kú ilé o, Yèyé mi. Mo kí Bàámi lórí ìjókòó. Mo kí Fúnmi àbúrò mi, tòun ti oyún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú mi kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, kí ọmọ ẹlòmíràn lè fi mí kọ́gbọ́n.

Òtútù ti dé sí ìlú òyìnbó níbí. Mo máa ń rìn dé ibi iṣẹ́ láìrí ẹni tí yóò bi mí bóyá mo jí ire. Iṣẹ́ wa ni láti yẹ ohun tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran wò. Wàrà ìyá ẹlẹ́dẹ̀ kì í ní irin tó, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sì í tó bí a kò bá fún wọn ní irin. Tí wọ́n bá ṣe ìyẹ̀fun irin tuntun, àwa là ń yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé kò ní pa ẹran lára, ṣé kò ní pa ẹni tó máa jẹ ẹran náà lára, ṣé eruku rẹ̀ kò ní ṣe ẹni tó ń pò ó níbi. Tí gbogbo rẹ̀ bá gún, a ó kọ ọ́ pé kò léwu.

Irú rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí Bàámi ní Ìwàrà fún àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ wọn. Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni. Mo ń sáré wọ bọ́ọ̀sì. Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, kò léwu rárá.

Orúkọ tí wọ́n ń pe oògùn aláboyún ni mo pè é. Ẹ wá ń bù ú sínú ògì Fúnmi láràárọ̀. Nígbà tí inú ń lọ́ ọ, tó ń bì, ẹ tún fi kún un, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ló ń wọlé. Bàámi ní ti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣahun sí ọmọ tiwọn nítorí ẹran.

Dókítà ní Iléṣà ní ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ tètè gbé e wá, pé tìyá tọmọ ti bọ́. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mo bi yín ìdí tí ẹ kò fi bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ní ohun tí ọmọ yín bá ti tọ́ wò, kí lẹ tún ń bẹ̀rù nínú rẹ̀. Yèyé, n kò tọ́ ọ wò rí. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ló tọ́ ọ wò.

Níbi iṣẹ́, a kì í kọ “kò léwu” láìkọ fún ta ni, àti ìwọ̀n wo. Àwọn àjèjì ni mo ń sọ ọ́ délẹ̀ fún. Ìyá mi ni mo gé ọ̀rọ̀ kúrú fún.

Ẹ kó ìyókù fún Bàámi. Láti òní lọ, tí mo bá ní nǹkan kò léwu, ẹ kọ́kọ́ bi mí pé fún ta ni.

Kí Ọlọ́run sọ Fúnmi kalẹ̀ láyọ̀, ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín tí kò tọ́ ọ wò,
Bọ́lá.