Omi Tí A Bù fún Fọláṣadé

                                        Agboolé Bàbá Jíbrílù,
                                        Ìsàlẹ̀ Èkó,
                                        Lagos.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Mááṣì, 1976.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Àkàndé,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Abẹ́òkúta? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé ọ dé ọjà? Mo gbọ́ pé ìyàwó Àkàndé ti sọ̀ layọ̀. Ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á dá a sí. Ara tèmi le. Abọ́ tánganran mi ń tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń kó o wá ti tún gbówó lé e.

O rántí Fọláṣadé, ọmọbìnrin yunifásítì tó ń wádìí bóyá omi tí a ń mu ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọ agboolé wa? Irú wọn ti ń wá tipẹ́. Wọn a bi wá léèrè títí ẹnu á fi bó, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀, wọn a lọ, ó parí. Ṣùgbọ́n Fọláṣadé padà wá. Ó jókòó lórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, ó sì ka iṣẹ́ rẹ̀ sí wa létí ní Yorùbá, bí ẹni tí a rán níṣẹ́ ṣe ń jábọ̀. Nítorí àṣà yìí ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kan ṣe fẹ́ fún un ní àmì ẹ̀yẹ.

Ó kà á débi tó ti ní omi wa mọ́ tónítóní, ni ẹ̀rín bá pa wá. Àdìjátù, ìyálé wa, ló dá a lóhùn:

“Fọláṣadé, o ní ká bu omi tí à ń mu sínú ìgò fún ọ. Ta ló ń fún àlejò ní omi kànga? Omi ẹ̀rọ la bù fún ọ, èyí tí a sè, tí a sì sẹ́.”

Ojú ọmọ náà fà ro. Ó bu omi kànga gan-an lọ, èsì rẹ̀ kò sì dára rárá. Láti ìgbà náà la ti ń se omi kí àwọn ọmọ tó mu ún, èédú ìbáà wọ́n bí ojú. Ìgbẹ́ gbuuru náà ti rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba Fọláṣadé. Ó ní òun kò ní lọ gba àmì ẹ̀yẹ mọ́, pé wọ́n á fi òun ṣẹ̀sín. Mo ní kó gbọ́ tèmi: èmi tí mo ń tajà mọ̀ pé ẹni tó bá fi ibi tí abọ́ ti sán han oníbàárà ni oníbàárà ń padà tọ̀. Mo bá a lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Marina, níbi tí àwọn olùkọ́ náà péjọ sí. Mi ò ra gèlè tuntun o, èyí tí mo ní kò tíì gbó.

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níwájú wọn. Bàbá olùkọ́ kan bi í bóyá àṣìṣe ni àwọn fẹ́ yẹ́ sí. Mo tọrọ àyè, mo sì dìde.

“Ẹ̀yin ọ̀gá, ká ní inú ìwé yín nìkan ló kọ ọ́ sí ni, omi kànga wa ì bá ṣì mọ́ lọ́dọ̀ yín títí dòní, àwọn ọmọ wa ì bá sì máa ṣu gbuuru.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Òun gan-an ló gbé àmì ẹ̀yẹ náà lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Wọ́n sì ṣe é lófin nínú ẹgbẹ́ wọn pé ẹni tó bá wádìí nílé onílé gbọ́dọ̀ ka ohun tó rí fún onílé kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lánàá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tún dé pẹ̀lú ìbéèrè wọn. Àdìjátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o. Ọjọ́ wo lẹ ń padà bọ̀ wá jábọ̀?” Wọ́n ní àwọn kò tíì mú ọjọ́. Ó ní kí wọ́n lọ mú ọjọ́ wá ná. Bí irú wọn bá dé ọ̀dọ̀ yín, ìwọ náà bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Àkàndé, kí o sì bá mi gbé ọmọ tuntun jó.

Èmi ni tìrẹ láìyẹ̀,
Afusat (Ìyá Mọ̀núrù)