Ọ̀rọ̀ Aago Tí O Gé Mọ́ Bàbá Rẹ Lẹ́nu

Ọmọ mi,

Dákun, má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ lẹ́tà sí ọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń bá odindi ìlú sọ̀rọ̀ láràárọ̀ kò yẹ kó máa fi ojú rẹ̀ tó dáa wá ìtumọ̀ ìkọ̀wé tó ń ta gọ́ọ́gọ́ bí adìyẹ tí okùn kọ́ lẹ́sẹ̀. Ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà, kíláàsì àkọ́kọ́ ni mo ṣì wà, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni mo sì máa ń jókòó sí, kí n lè tètè jáde bí wọ́n bá rí i pé n kò yẹ níbẹ̀. Olùkọ́ wa, ọmọ kékeré kan tó lè jẹ́ àbúrò rẹ, ní kí oníkálukú kọ lẹ́tà sí ẹni tó bá fẹ́ràn, kí òun sì bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kọ ọ̀kan tí mo ti sọ pé gbogbo wa wà ní ìrẹ́pọ̀, ìyẹn ni mo fà lé e lọ́wọ́, ó sì yìn mí níwájú gbogbo kíláàsì. Èyí tó jẹ́ òótọ́ ni mò ń kọ sí ọ yìí, kò sì sẹ́ni tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí o bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọ̀nà ọ̀fun tí o fi ń jẹun kò dùn ọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohùn há ọ níbi tí etí pọ̀ sí. Ẹnu rẹ kò ní ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn tó ń gbọ́ ọ kò ní fi ìbínú yí ọ pa bí ẹni ń pa fìtílà. Níbi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, ìwọ ni wọn yóò máa rí, wọn kò sì ní rí ẹni fi rọ́pò rẹ. Àmín.

Níbí, a wà. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tó máa ń ké ti dákẹ́ fúnra rẹ̀, a kò mọ ohun tó ṣe é, ọkàn mi kò sì balẹ̀ sí i. Ewúrẹ́ wa bímọ, akọ ni, àgbọ̀n rẹ̀ rí ṣóńṣó bíi ti onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì ilé wa, débi pé n kò lè kí ọkùnrin náà mọ́ kí n má rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò tíì jẹ́ kó mọ̀.

Kí n tó dé orí ohun tó gbé mi dé ibí, jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ fún ọ. Rédíò wà lórí tábìlì níwájú fèrèsé, kí o lè máa rí atẹ́gùn. Tí o bá ti ní ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ìlú, gbogbo wa la máa ń dáhùn, àti onígbàjámọ̀ tó máa ń wá gbọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Bàbá rẹ á ní káàárọ̀ ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí, ìwọ náà á sì ní inú rẹ dùn pé a wà pẹ̀lú rẹ. Nígbà kan ó bi ọ́ bóyá o ti jẹun, o ní kí a dúró, a máa gbọ́ ọ láìpẹ́. A dúró. Nígbà tí orin tán tí o padà dé, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kó ìdọ̀tí àdúgbò ni o ń sọ, o kò dé orí oúnjẹ mọ́. Bàbá rẹ ní ó dájú pé o kò jẹ, ojú ló ń tì ọ́ láti sọ ọ́ níwájú àlejò. Kí n má gbàgbé, bá wa kí ọkùnrin tó máa ń sọ ti ojú ọjọ́ lẹ́yìn rẹ. Ó ṣèlérí òjò fún wa, mo kó gbogbo abọ́ síta, òjò kò wá. Sọ fún un pé a kò bínú, a mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ọ̀rọ̀ náà wá rèé. Ṣé o rántí àárọ̀ tí ìwọ àti àwọn àlejò rẹ ń sọ̀rọ̀ nípa aago ńlá tó wà ní oríta ìlú yín, èyí tó ti kú tipẹ́? Ọkùnrin káńsù ní kí wọ́n hú u kúrò. Obìnrin tó ń tọ́jú òdòdó ìdí rẹ̀ ní kí wọ́n tún un ṣe, pé abẹ́ rẹ̀ ni òun àti ọkọ òun ti kọ́kọ́ pàdé. Ọkùnrin káńsù bi í bóyá ọkọ náà ṣì wà, ó ní rárá, ó ti bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi aago. Ìwọ rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà o ní ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, kí lẹ rò sí i, a fẹ́ gbọ́ tẹnu yín.

Ọmọ mi, bàbá rẹ gbé bàtà oníbàtà tó ń rán sílẹ̀. Ó bọ́ awò ojú. Ó wú ikọ́ díẹ̀ láti fi la ọ̀nà. Mo rí i lójú rẹ̀ pé nǹkan ńlá ni, nítorí látìgbà tí o ti dàgbà tí o ti kúrò nílé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí o máa bi í pé kí ló rò sí nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá tirẹ̀ kọ́kọ́ ra aago wọ ilé yìí, bí àwọn alábàárù ṣe gbé e, bí ajá ṣe ń gbó o lọ lójú ọ̀nà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé aago náà dé ẹnu ilẹ̀kùn ni o sọ ọ́, tí gbogbo wa gbọ́, o ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e kúrú, àwọn mìíràn ṣì wà lórí ìlà.

Ẹnu bàbá rẹ ṣì là sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní o kúkú fi ẹ jọ̀ọ́ sí i. Bàbá rẹ ní ta ló pè é sí i. Onígbàjámọ̀ ní ẹni tó bá ń ti ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, kó má yà á lẹ́nu bí ilẹ̀ bá ṣú u sọ́nà. Bàbá rẹ ní irun ni wọ́n kọ́ ọ ní gígé, kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọlọ́rọ̀. Èmi ní bóyá kì í ṣe òun ni o ń bá wí, pé ó jọ pé mo gbọ́ ohùn bàbá arúgbó kan nínú rédíò tó ń ṣàlàyé nípa bọ́ọ̀sì, tí kò dákẹ́. Ó yíjú sí mi, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní bàbá mélòó ni ọmọ yìí ní? Mo ní ẹyọ kan ni mo mọ̀. Ó ní ó tán.

Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í gbé fóònù rẹ. Tó bá ń dún, ó ní kí a jẹ́ kó dún títí á fi rẹ̀ ẹ́. Èmi ì bá yọ́ gbé e, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, nítorí èmi náà ní etí, mo ń gbọ́ ètò rẹ. Àwọn èèyàn ń fi fóònù pè ọ́, ohùn wọn sì ń jáde nínú rédíò. A jẹ́ pé ohun tó bá ti gba inú fóònù wọlé sọ́dọ̀ rẹ, inú rédíò ló ń gbà jáde. Báwo ni màá ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ bàbá rẹ kí gbogbo ìlú máa fi jẹ búrẹ́dì àárọ̀? Olùkọ́ wa ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ ọmọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ọmọ nínú rédíò, kò lè mọ̀.

Má rò pé kì í gbọ́ ọ mọ́ o. Ó ń gbọ́ ọ. Ó kàn kẹ̀yìn sí rédíò ni, etí rẹ̀ tó dáa ló sì kọ sí i. Tí o bá kí wa, á ní kí n sọ fún ọ pé òun kò dáhùn. Màá tẹ̀ síwájú tábìlì, màá ní bàbá rẹ ní òun kò dáhùn. O ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi nígbà púpọ̀, n kò mọ ìdí tí o kò fi bínú. Lọ́jọ́ tí o wúkọ́, tí o ní ẹ má bínú, bàbá rẹ dìde, ó da oyin sínú ṣíbí, ó gbé e síwájú rédíò, ó padà lọ kẹ̀yìn. Nígbà tí ètò parí, ó ní o kò fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló lá a, inú rẹ̀ kò sì dùn.

Èyí tó wá ń dẹ́rù bà mí jù ni pé kò sọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé bàbá ọmọ, ṣé kí wọ́n hú aago yìí ni àbí kí wọ́n tún un ṣe? Ó ní ẹni tó bi òun ni òun máa dá lóhùn. Onígbàjámọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó tilẹ̀ fá irùngbọ̀n rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sọ. Ọ̀rọ̀ náà dúró sí i láyà bí ìpápánu tí kò lọ. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́ mọ́, ó ti kan gìgísẹ̀ mọ́ iwájú bàtà olùkọ́ wa, ọmọ náà kò lè bá a wí, ó ń fi ẹ̀yìn rìn wá sí kíláàsì.

Bàbá rẹ ti wá di ẹrù ìrìn àjò. Ní Sátidé tó ń bọ̀ ó ń bọ̀ ní ìlú yín, ó ní ibi tí o ti gé e gan-an ni òun ti máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́nu ilẹ̀kùn. Rédíò ló máa gbé dání, nítorí inú rẹ̀ ni o ti sọ ọ́, ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n lọ máa fi rédíò ẹlòmíràn tan òun. Ó ti lọ bá awakọ̀ ṣàdéhùn owó ọkọ̀ fún èèyàn kan àti rédíò tó máa jókòó sójú fèrèsé. Mo bi í pé tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ilé iṣẹ́ yín bá ní ta lẹ wá rí ńkọ́? Ó ní òun á tan rédíò, òun á nawọ́ sí i, òun á ní ẹni tó wà nínú èyí.

Ọmọ mi, èmi kò kàwé, mo lè ṣì í rò. Ṣùgbọ́n mo mọ bàbá rẹ. Tí ẹ̀ṣọ́ yẹn bá rẹ́rìn-ín, tó bá ní kó máa lọ, kò ní bá a jà. Á gbé rédíò rẹ̀, á wọkọ̀ padà, kò sì ní gbà gbọ́ mọ́ láé pé ọmọ òun ló wà níbẹ̀. Á máa rò pé ẹnì kan tó jọ ọ́ lóhùn ni. N kò fẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí wa.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò tó nǹkan. Kó tó di Sátidé, ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣá, sọ pé Bàbá, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Lẹ́yìn náà kí o dákẹ́. Má fi orin sí i. Bẹ àwọn àlejò rẹ kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, pàápàá ọkùnrin káńsù yẹn. Kò ní pẹ́, mo ti ń dọ́gbọ́n sọ fún un pé àwọn alábàárù yẹn ti gbé ẹrù pẹ́, kó jẹ́ kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tí àwọn ará ìlú bá bi ọ́ pé kí ló dé tí rédíò dákẹ́, sọ fún wọn pé ò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Òótọ́ ni, kì í ṣe irọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, ojú sì ń tì mí. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́sí tí o ní ilé iṣẹ́ yìí, ti gbogbo wa ni, ohunkóhun tí ẹ bá lè mú wá, kékeré kò kéré jù. Omijé bọ́ lójú mi. N kò mọ̀ pé nǹkan le fún ọ tó bẹ́ẹ̀, tí ọmọ tí mo bí á fi máa tọrọ lọ́wọ́ odindi ìlú, pẹ̀lú ohùn tó dùn báyẹn. Mo fi owó ẹyin díẹ̀ sínú lẹ́tà yìí, fi jẹun, má fún rédíò. Ṣùgbọ́n tí àwọn ará ìlú bá ti dá a tó sì pọ̀, dákun bù díẹ̀ lórí rẹ̀ kí o fi ránṣẹ́ fún bátìrì, nítorí tí bátìrì bá ti ń kú lọ, ohùn rẹ máa ń rẹlẹ̀, bàbá rẹ á sì máa rìn kiri inú ilé, á ní ebi ló ń pa ọ́.

Kí Olúwa fi etí tó dára yí ọ ká. Kí ẹni tó máa gbé ọ ga má ṣe sùn lọ́jọ́ tí o bá ń sọ̀rọ̀. O kò ní pe ẹni tí kò ní jẹ́ ọ.

Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mo kọ̀wé yìí. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka lẹ́tà àwọn ará ìlú sínú rédíò, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ará ìlú, ìyá rẹ ni mí. Ìta ni kí o ti kà á, níbi tí kò sí ẹ̀rọ kankan, kí o sì ká a pamọ́ sí ìsàlẹ̀ báàgì kó o tó wọlé, torí n kò mọ bí ojú ohun tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí yẹn ṣe ń ríran tó. Tí bàbá rẹ bá sọ tán, tó wá bi ọ́ pé ta ló sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu òun, má dárúkọ mi. Sọ pé ìwọ fúnra rẹ lo gbọ́ ọ.