Àlejò Ṣọ́ọ̀ṣì Wa Kojú Ọmọ Ọmọ Mi

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Birch,
Alder Bluff, Iowa.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 2019.

Verna, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Arizona? Orúnkún tí wọ́n ṣe fún ọ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Roger ọkọ rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé oòrùn ti sun ún dúdú. Níbí, yìnyín ò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi.

Ìdíje bọ́ọ̀lù agbọ̀n àwọn obìnrin ilé ẹ̀kọ́ gíga kéékèèké ti gbogbo orílẹ̀-èdè tún ti dé sí ìlú wa. O mọ̀ bá a ti ń ṣe é: ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan á gba ẹgbẹ́ kan lálejò, á bọ́ wọn, á wọ àwọ̀ wọn, á sì jókòó sẹ́yìn wọn títí wọn á fi pàdánù. Àwọn ọmọ Montana, tó ń wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ló kàn wá. Àfi bí wọ́n ṣe ní ẹgbẹ́ Britta, ọmọ ọmọ mi, ni wọn yóò kọ́kọ́ kojú. Ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi, ilé yá. Britta sì ń parí ẹ̀kọ́ lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá pàdánù, ó parí bọ́ọ̀lù jíjù nìyẹn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kù.

Pásítọ̀ ní kí n wọ aṣọ tó bá wù mí. Britta ló pè mí lórí fóònù: "Màmá àgbà, ẹ wọ aláwọ̀ ewé yẹn. Àlejò yín ni wọ́n, èmi kì í ṣe àlejò."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbá a, mo se ẹ̀wà ẹlẹ́ran, mo yan búrẹ́dì sínámọ́nì, mo gbé e lọ fún àwọn ọmọ Montana ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tá a bá fi oúnjẹ lọ̀ á kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹni tó ń fi lọni kì í jáwọ́ bọ̀rọ̀. A ò mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ yìí nílé pé a kì í kọ oúnjẹ àgbà. Àwa ń fi lọ̀ wọ́n, àwọn ń gbà. A rò pé ebi ló ń pa wọ́n, la bá tún bù sí i. Wọ́n ní àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Àwa fi ìkòkò ẹ̀wà lọ àwọn tó fẹ́ sáré.

Ní abala àkọ́kọ́, wọn ò sáré, Verna, wọ́n ń rìn ni. Duane Hinrichs tó ń ta táyà, tó jókòó tì mí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Marlys, o gbọ́n o. O bọ́ ọmọ ọlọ́mọ yó kí tìẹ lè borí."

Mo ní kó panu mọ́. Ojú tì mí gan-an, nítorí gbogbo ìgbà tí Britta bá ju bọ́ọ̀lù wọ agbọ̀n, inú mi ń dùn lábẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé.

Ní abala kejì, oúnjẹ dà. Àwọn ọmọ Montana lé Britta àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá, wọ́n sì fi àmì kan ṣíwájú. Bọ́ọ̀lù ìkẹyìn wà lọ́wọ́ Britta. Ó jù ú, ó yí etí agbọ̀n po, ó já bọ́ síta. Fèrè dún. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dìde, wọ́n ń fò sókè. Èmi nìkan ni mo jókòó, tí mò ń sunkún. Mi ò ní parọ́ fún ọ.

Britta bọ gbogbo àwọn tó borí lọ́wọ́, ó wá tọ̀ mí wá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ níbẹ̀, ó kó o lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi mú un dání, Màmá àgbà. Mi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́." Ó wo ẹ̀yìn. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Àlejò yín ń wò yín."

Àtẹ́wọ́ ò ṣe é pa pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Mo há a mọ́ abíyá, mo dìde, mo sì pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó dá ọmọ mi padà sílé.

Bá mi kí Roger, kí o sì kí Joyce àbúrò rẹ.

Èmi ni tìrẹ, nínú òtútù,
Marlys Oltmann