Àmín Tí Mo Ṣe ní Èjìnrìn

Àtìní, ọjọ́ kìíní oṣù Ṣàábánì

Alfa ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ Kùránì máa kọ nǹkan lójoojúmọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá. Ọdún kìíní mi rèé. Ọwọ́ kò yá. Orí náà kò yá. Lónìí wọ́n bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo ń wò bí ẹja.

Mo délé, wàhálà mìíràn. Ìyá Àgbà ní ìjà ti parí, ọ̀nà Èkó ti là, àwọn fẹ́ lọ rí Rọ̀kíbátù, àbúrò wọn, kí ààwẹ̀ tó wọlé. Láti ọjọ́ tí ogun ti lé wa kúrò l'Ékòó wá sí Ẹ̀pẹ́ níbí, tí èmi ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò tíì fojú kan ara wọn. A sì gbọ́ pé ojú Ìyá Rọ̀kíbátù ti ń ṣókùnkùn.

Mo ní kí a bá àwọn oníṣòwò wọkọ̀. Àṣé èébú ni mo bú. Wọ́n ní, "Abẹ́ ẹní ẹja ni wọ́n fi mí pamọ́ sí tí mo fi jáde l'Ékòó, Lùkúmàn. Mi ò ní bá ẹja wọlé."

Ọkọ̀ tiwọn ni wọ́n fẹ́. Kó yára. Kó ní àtíbàbà, nítorí oòrùn. Kí àtíbàbà náà sì ṣeé ká, kí ará Èkó lè rí ẹni tó ń bọ̀. Kò sí àyè láti gbẹ́ tuntun, àlòkù la ó wá. Èmi ni kí n wá a — èmi tí mo mọ̀wé. Kí ni wàláà mọ̀ nípa ọkọ̀?

Àlàrúbà, ọjọ́ kẹta

Ọkọ̀ méjì létí omi Ẹ̀pẹ́. Èkíní fẹ̀ bí àwo. Ìyá Àgbà ní ó ń rìn bí aboyún. Èkejì yára, wọ́n ní ó ń rùn. Mo fi imú kàn án. Igi ni mo gbọ́. Wọ́n ní ẹja ni.

Jímọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ẹ̀kẹta. Kò rùn. Kò fẹ̀. Àtíbàbà rẹ̀ ṣeé ká. Wọ́n ní imú rẹ̀ wọ́.

Láti òní lọ, nínú ìwé yìí, Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni orúkọ Ìyá Àgbà. Kí Ọlọ́hun forí jì mí.

Àlàádì, ọjọ́ keje

Ìkòròdú. Bísíríyù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló tù mí lọ. Ọ̀gá nínú àjẹ̀, ọ̀gá nínú yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n wo ìdí ọkọ̀, mo wò ó. Ó ní kí n fi ọwọ́ lù ú kí n gbọ́, mo lù ú. Mo bi í léèrè ohun tí ó yẹ kí n gbọ́. Ó ní, "Alfa, ọkọ̀ kì í ka Fátíà. Bó bá dún kó, ó le. Bó bá dún bù, ó ti jẹrà."

Gbogbo ọkọ̀ tí a rí ló dún kó létí mi. Bísíríyù ní gbogbo rẹ̀ ló dún bù. A padà lọ́wọ́ òfo.

Àtìní, ọjọ́ kẹjọ

Alfa bi mí níbi tí mo kà dé. Mo sọ ibi tí mo kà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n mọ̀.

Àlàmísì, ọjọ́ kọkànlá

Ọjà Èjìnrìn. Kí n yáa kọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún ara mi.

Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti kìlọ̀ pé tí a bá rí èyí tó dáa, kí n wá sọ fún àwọn kí a tó rà á. Bísíríyù ló di àpò owó mú.

Sàlímọ́nù tó ń ta ọkọ̀ — Ẹnu Oyin ni mo sọ ọ́ — mú wa lọ síbi ọ̀kan tó wà lábẹ́ igi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ọkọ̀ eré ni nígbà kan rí. Ó dún kó. Bísíríyù pàápàá kò rí nǹkan kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ àtíbàbà kò ká. Okùn rẹ̀ ti gan pa, bí ẹni pé a fi àtè lẹ̀ ẹ́. Ẹnu Oyin ní òjò ló mú un, bí oòrùn bá pa á díẹ̀ yóò tú. Mo ní màá lọ sọ fún àgbà ilé. Mo ṣe dáadáa dé ibẹ̀. Mo ti yí ẹsẹ̀ padà.

Ni ọkùnrin yìí bá gbé ọwọ́ lé imú ọkọ̀. Ó ní, "Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ fi gbé ayọ̀. Ẹ ò ní fi gbé òkú."

Mo ní, "Àmín."

Kí ni ǹ bá ti ṣe? Láti kékeré, ẹni bá gbọ́ àdúrà á ṣe àmín. Ẹnu mi ti ṣí kí n tó mọ̀. Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ wọ̀nyí, bí ọlọ́jà bá ṣàdúrà sórí ọjà, tí oníbàárà ṣe àmín, ó ti rà á nìyẹn. Mo ṣàlàyé. Mo fi Lárúbáwá kún un. Ìyá kan tó ń ta iyọ̀ bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ayọ̀ ni o ò fẹ́, àbí òkú lo fẹ́ gbé?"

Bísíríyù tú àpò. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ kejìlá

Bísíríyù ti sọ ọ́ dé mọ́sálásí. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n ń kí mi ní "Alfa Àmín". Alfa mi wà níbẹ̀. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló burú jù.

Àtìní, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Oòrùn pa okùn àtíbàbà. Kò tú. Mo fi epo pa á. Kò tú.

Ìyá Àgbà yí ọkọ̀ ká. Wọ́n lù ú fúnra wọn, kó, kó, kó. Wọ́n wá àléébù títí. Wọ́n wá fa okùn àtíbàbà. "Kò ká," ni wọ́n wí, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, a ó lọ lẹ́yìn ààwẹ̀.

Ara tù wọ́n! Èmi tí mo ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀!

Àlàrúbà, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo rò ó. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Òórùn ẹja, imú wíwọ́ — ẹ̀rù ni gbogbo rẹ̀. Bí èmi náà ti ń ṣe nìyẹn: tí Alfa bá fẹ́ bi mí ní ìbéèrè, kálámù mi á bàjẹ́. Síbẹ̀ inú ń bí mi.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ẹnìkan ti Èkó dé. Ó ní Ìyá Rọ̀kíbátù ń béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun ti kú tí ará Ẹ̀pẹ́ kò sọ fún òun. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà ń gbọn ẹní tí kò dọ̀tí. Wọ́n ní, "Tí mo bá débẹ̀ tí kò mọ̀ mí mọ́ ńkọ́?"

Gbogbo ìtumọ̀ tí mo kọ́, kò sí èyí nínú rẹ̀. Mo ní ọkọ̀ wà létí omi.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ìyá Àgbà gbà kí a lọ. Ìkòròdú la sùn sí lójú ọ̀nà Èkó. Ọkọ̀ yìí mọ eré sá! Abẹ́ àtíbàbà gbóná bí ààrò. Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Orí orúnkún ni mo ti ń kọ èyí, omi ń ta sí i.

Láàárọ̀ Ìyá Àgbà wọkọ̀, wọ́n wo òrùlé lókè orí wọn. Wọ́n ní, "Abẹ́ ẹní náà tún nìyí." Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Bísíríyù. Mo rò pé obì ni wọ́n fẹ́ gé. Wọ́n gé okùn. Wọ́n gé ìkejì. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé oòrùn ọ̀sán ń bọ̀, pé kò ní ṣeé so mọ́. Wọ́n ti gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀sà. Lẹ́yìn gbogbo ìyà tí mo jẹ! Ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ kì í ká ti di ọkọ̀ tí kò lórùlé.

Wọ́n tún gèlè wọn wé. Wọ́n kọjú sí ọ̀nà Èkó, wọ́n ní, "Ọlọ́hun, jẹ́ kí Rọ̀kíbátù mọ̀ mí."

Bísíríyù gbé àjẹ̀ sókè, kò tù ú. Ẹnu mi ló ń wò, kò sì rẹ́rìn-ín.

Mo ti búra pé mi ò ní ṣe àmín láìronú mọ́. Nítorí náà mo ronú. Mo ronú kan ojú tó ń ṣókùnkùn, mo ronú kan gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mo mọ̀ pé bí mo bá ṣe é, mo ti rà á nìyẹn.

Mo ṣe é.