Ọdún Tí Mo Ń Wá Yunifásítì fún Ìgbọ̀nwọ́

Ajé, 8 oṣù kìn-ín-ní

Lẹ́tà kọkànlélógójì jáde lónìí. Yunifásítì mọ́kànlélógójì, fídíò kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Tessa Hrabik, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kíláàsì kọkànlá, ilé-ìwé ìjọba Pell Creek, Ohio. Èsì tí mo rí gbà jẹ́ mẹ́ta. Méjì nínú wọn, ẹ̀rọ ló dá wọn kọ. Ẹ̀kẹta pe ọmọ náà ní Teresa, ó sì kí mi kú ìgbìyànjú.

Nínú ìwé yìí, Ìgbọ̀nwọ́ ni mò ń pè é. Ẹni tó bá ti bá a du bọ́ọ̀lù lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ rí kò ní béèrè ìdí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ibí ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, tí mo tún ń kọ́ni ní ìṣirò. Mi ò tí ì rí irú rẹ̀. Tí yunifásítì kan kò bá tìtorí bọ́ọ̀lù gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí Lorraine ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ló ń lọ yẹn, kó máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ká ní ilé-ìwé aládàáni ni ọmọ yìí wà, wọn ì bá ti máa tò sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kìn-ín-ní

Kò sí èsì.

Àbámẹ́ta, 13 oṣù kìn-ín-ní

Páńkéèkì títà láàárọ̀, nínú yàrá oúnjẹ ilé-ìwé, ká lè rí owó ra aṣọ eré tuntun. Lorraine ti ibi iṣẹ́ òru wá tààrà, kò tiẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó ń yí páńkéèkì lójú iná, ó ń sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi.

Ó ní, "Wanda, Tarrington kọ̀wé sí wa. Wọ́n ní ká wá wo ọgbà àwọn."

Mo ní, "Wo ọgbà kẹ̀? Òdòdó ni wọ́n fẹ́ fi hàn yín?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bébà tí wọ́n fi kọ ọ́ nípọn débi pé òun kọ́kọ́ rò pé ìwé ìpè ìgbéyàwó ni.

Ilé-ìwé aládàáni olówó ni Tarrington. Òfin eré ìpínlẹ̀ yìí ní ilé-ìwé kan kò gbọdọ̀ fa ọmọ ilé-ìwé mìíràn nítorí eré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní wá-wo-ọgbà. Voss, kóòṣì wọn, ló wà nídìí ẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni mò ń pè é, torí kò sí ohun tó lè sọ fún ọ tí kò ní fi ẹ̀rín bò. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lọ. Ó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn náà.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù kìn-ín-ní

Wọ́n lọ wo ọgbà Tarrington. Ìgbọ̀nwọ́ wá sọ fún mi ṣáájú ìdánrawò, ó ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀.

"Kóòṣì, wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó máa ń ju bọ́ọ̀lù padà fún èèyàn."

"Junie náà máa ń jù ú padà fún ẹ." Inú ẹgbẹ́ wa ni Junie wà.

"Junie máa ń ṣàwáwí." Ó tún okùn náà so. "Wọ́n tún ní obìnrin kan tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa kọ̀wé sí àwọn yunifásítì lọ. Ìyẹn nìkan ló ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́."

Mo ní ó dáa. Èmi náà ni obìnrin yẹn níbí. Èmi náà ni mò ń nu ilẹ̀ gbọ̀ngàn, èmi ni mò ń fọ aṣọ eré, èmi náà ni mò ń wa bọ́ọ̀sì nígbà tí ẹ̀yìn bá ń dun Earl awakọ̀.

Ìṣẹ́gun, 23 oṣù kìn-ín-ní

Mo lọ bá Lorraine níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. N kò ní purọ́ fún ìwé tèmi — mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó fún mi títí sáà yìí á fi parí. Mo ní bí ọmọ ẹni bá mọ nǹkan ṣe, kò yẹ ká gbé e fún ẹlòmíràn kó lè di mímọ̀. Mo ní tó bá kó lọ sí Tarrington, kò ní sí níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, àwọn ọmọ olówó á sì máa wo bàtà rẹ̀.

Ó ní, "Bàtà kọ́ ni mò ń rò. Ọjọ́ ọ̀la ẹ̀ ni mò ń rò."

Mo ní èmi náà.

Ó wá ní, "Ó dáa. Mo gbà ẹ́ gbọ́, Wanda. Má jẹ̀ẹ́ n kábàámọ̀."

Inú mi dùn bí ẹni pé mo gba ife ẹ̀yẹ.

Ẹtì, 26 oṣù kìn-ín-ní

Àwa àti Tarrington, lọ́dọ̀ wọn. Bọ́ọ̀sì tiwa kò ní ẹ̀rọ amúlégbóná, àwọn ọmọ jókòó pẹ̀lú kóòtù títí a fi dé. Gbọ̀ngàn wọn ń dán débi pé Marisol tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó tó gbà pé kò ní yọ̀.

Olùṣàyàn mẹ́ta wà lókè, àwọn tí yunifásítì ń rán káàkiri láti wá wo ọmọ. Aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ yunifásítì sí la fi ń mọ̀ wọ́n. Wọn kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀, wọn kì í pàtẹ́wọ́. Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀, bíírò ọwọ́ àwọn olùṣàyàn náà ni wọ́n ń wò, ta ló bìkítà fún bọ́ọ̀lù. Tìtorí ọmọ gígùn kan báyìí ní Tarrington ni wọ́n ṣe wá. Méjì nínú wọn lọ nígbà tí ìdajì eré parí. Wọ́n ti rí ti wọn.

Ẹ̀kẹta dúró. Obìnrin, aṣọ aláwọ̀ ewé. Nínú ìdajì kejì, Ìgbọ̀nwọ́ gba bọ́ọ̀lù mọ́ ọmọ gígùn náà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó fi ọwọ́ òsì sọ bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún sọ ọ́ — àmì ayò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n òun nìkan! Bíírò Aláwọ̀-Ewé ò dúró. Mo fi ojú ara mi rí i. Mo ń pariwo ìgbèjà lẹ́nu, ojú mi wà lókè.

Wọ́n fi àmì mẹ́rin nà wá. Kò dùn mí rárá, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹlẹ́rìn-ín bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ yẹn yẹ níbi tó tóbi ju ibẹ̀ yẹn lọ o, Wanda." Ẹ̀rín. Mo ní ó tóbi tó níbi tó wà.

Ìṣẹ́gun, 30 oṣù kìn-ín-ní

Aláwọ̀-Ewé PÈ!

Kimball lorúkọ rẹ̀. Yunifásítì gidi, kì í ṣe èyí tí èèyàn máa kọ́kọ́ wá lórí àwòrán ilẹ̀. Ó ní òun ò rí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ báyẹn látìgbà tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè ìdí tí òun kò fi gbọ́ nípa ẹ̀ rí. Mo fẹ́ sọ fún un pé lẹ́tà mi kẹtàlá wà lórí tábìlì rẹ̀ tàbí lábẹ́ ẹ̀. Mo gbé e mì. Ó ní kí n fi àkọsílẹ̀ máàkì ọmọ náà ránṣẹ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, òun á pè é wá sí ọ̀dọ̀ àwọn nígbà ìrúwé, kí àwọn sì bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún mẹ́rin.

Mo jó nínú yàrá tí a ń kó bọ́ọ̀lù sí. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Orúnkún ṣì ń dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù kejì

Mo sọ fún Lorraine lórí fóònù. Ó sunkún. Ó ní òun ti kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù Tarrington dé ìdajì, ó kù kóun fọwọ́ sí i, òun á ya á dànù. Mo ní kó ya á wẹ́wẹ́.

Àkọsílẹ̀ máàkì ti lọ. Ó dára lójú. Ní oṣù kẹsàn-án, áljébrà fẹ́ pa ọmọ náà kú, ó ń gba máàkì tí n kò lè kà sókè. Èmi ni mo lọ bá Harlan, agbaninímọ̀ràn ilé-ìwé wa, tí mo ní kó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kó gbé e sí kíláàsì tèmi, Ìṣirò Ojoojúmọ́. Bí èèyàn ṣe ń ka ìwé owó oṣù, owó-orí, èlé gbèsè ilé. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbà báyìí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ tajà á nù ún kó dán.

Ìṣẹ́gun, 6 oṣù kejì

Kimball pè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Ó ní àjọ tó ń ṣàkóso eré yunifásítì ní àkójọ àwọn iṣẹ́ kíláàsì tí wọ́n ń kà sí fún ọmọ tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Ìyẹn mo mọ̀. Ó ní Ìṣirò Ojoojúmọ́ kò sí nínú ti Pell Creek. Mo ní ẹ wò ó dáadáa. Ó ní òun ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé ẹ̀, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í kà. Ọmọ náà ní láti ṣe áljébrà ẹ̀, kó sì parí ẹ̀ kí ọdún tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé girama tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ òun kò lè tó o.

Ó wá béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ta ló ní kó ṣe é?"

Mo ní màá pè é padà.

Mo lọ bá Harlan. Òun nìkan ló ń gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọmọ nímọ̀ràn. Ó gbé ìwé lórí ìwé kó tó rí àkójọ náà. Ó ní, "O ò sọ fún mi pé yunifásítì ló ń lọ o, Wanda. O ní kí n mú un kúrò nínú áljébrà ni." Òótọ́ ni. Mi ò sọ. Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀.

Kíláàsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Kò sí. Ọdún méjì sẹ́yìn ni àwọn ará ìlú dìbò kọ owó-orí ilé-ìwé, ìyẹn ló kọ́kọ́ lọ. Ti orí ẹ̀rọ ayélujára ńkọ́? Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé wa kì í gbà á. Mo pe gbogbo ilé-ìwé tó wà láyìíká. Ẹyọ kan ló ń ṣe áljébrà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tó bá sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nìkan ni wọ́n ń kọ́.

Tarrington.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é. Kì í ṣe Ẹlẹ́rìn-ín, kì í ṣe owó wọn, kì í ṣe gbọ̀ngàn tó ń dán. Èmi.

Ọjọ́rú, 7 oṣù kejì

Mi ò lọ síbi ìdánrawò. Mo ní orí ń fọ́ mi. Irọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù kejì

Mo lọ sílé wọn lẹ́yìn ilé-ìwé. Ilé ìdáná, àwa mẹ́ta. Lorraine ti se kọfí, ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé wá. Mo sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí n má bàa sá.

Lorraine ní, "Ta ló gbé e sínú kíláàsì yẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ tó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó lọ."

"Èmi náà ni."

Kò pariwo. Ì bá pariwo ni, ara ì bá tù mí. Ó dìde, ó mú fọ́ọ̀mù Tarrington sọ̀kalẹ̀ lórí fìríìjì — kò ya á. Mo wò ó, ó ní, "Mo ti ń ṣe ìyá kí n tó mọ̀ ẹ́, Wanda." Bíírò rẹ̀ kò yọ. Mo fún un ní tèmi. Ó fọwọ́ sí i.

Mo rò pé Ìgbọ̀nwọ́ yóò bú mi, mo sì ti múra ẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Junie àti Marisol ńkọ́?"

Mo ní báwo.

"Àwọn náà wà nínú kíláàsì yẹn. Èmi ni mo ní kí wọ́n wá, mo ní kíláàsì yín dùn. Junie fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì náà, ó kàn ń tijú láti sọ fún yín ni." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé sí Junie pé kó wá wo ọgbà, Kóòṣì."

Mo ní màá wá nǹkan ṣe sí i. Ó wò mí bó ṣe ń wo adájọ́ tó fọn fèrè òdì.

"Ẹ sọ fún wọn lọ́la. Tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, èmi máa sọ ọ́."

Ẹtì, 9 oṣù kejì

Mo sọ fún wọn láàárọ̀, gbogbo kíláàsì náà, ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ní ẹni tó bá ń ronú láti ṣeré ní yunifásítì, iṣẹ́ yìí kò ní bá a dé ibẹ̀, èmi ló sì yẹ kó ti sọ fún wọn látọjọ́ yìí. Ìgbọ̀nwọ́ tẹ orí ba.

Lẹ́yìn náà Junie na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Kóòṣì, ṣé ká ṣì mú iṣẹ́ àná wá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dìde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o wá sórí tábìlì mi. Gbogbo wọn ló ti ṣe é.