"A Dúpẹ́" Mọ́kàndínlógójì

                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwé Kátólíìkì,
                                        Bantè.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Gaétan, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ẹnìkejì mi nídìí pátákó dúdú,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ Yolande, mo sì kí orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún láti ìgbà ọdún Kérésì. Ooru Parakou ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé o ṣì ń fi bírò pupa ṣàtúnṣe ìwé ìròyìn kí o tó kà á? Jọ̀wọ́, má fi "a dúpẹ́" dá mi lóhùn. Kọ bí nǹkan ṣe rí gan-an, wàá rí ìdí rẹ̀ bí o bá ń kà á lọ. Ní tèmi, ẹ̀yìn ń ro mí, etí òsì kò gbọ́ràn mọ́, iṣu èṣí kò sì ta dáadáa. O rí i? Bó ṣe yẹ ká máa dáhùn nìyẹn.

Ní oṣù Kejìlá, wọ́n pè mí sí iṣẹ́ ìwádìí. Kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni kọ́múùnù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, fẹ́ gbẹ́, abúlé méjì ló sì ń tọrọ rẹ̀: Ìdí-Ẹmì lẹ́yìn Lougba, níbi tí Houlératou, ọmọ àbúrò mi olóògbé, wà nílé ọkọ, àti Òkè-Òkúta lápá Bobè. Àwọn ìgbìmọ̀ kọ́múùnù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn ṣe ojúsàájú. Ni wọ́n bá pe onímọ̀ kan láti Cotonou, Dókítà Nassirou, kó wá fi ìwádìí alájọṣe ràn wọ́n lọ́wọ́ láti pinnu.

Dókítà náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí a tó bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò pinnu, ohun tí yóò pinnu, àti ọjọ́ tí yóò pinnu. Mo fún un ní máàkì rere lọ́kàn mi. Lẹ́yìn náà ló na bébà ńlá kan tó gba ògiri tán. Ó ya òbìrí sí àárín, ó kọ ÌPINNU sínú rẹ̀, ó wá ya àpótí mẹ́rin yí i ká, ọfà ń jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: àwọn ìgbìmọ̀, àwọn onímọ̀, àwọn tó ń lo omi, àti ìmọ̀ ìbílẹ̀. Mo bèèrè ẹni tó ń jẹ́ ìmọ̀ ìbílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé inú àpótí kẹrin. Kò fẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n tú ìbéèrè láti èdè Faransé sí èdè wa, kí n sì lọ bi àwọn ará Ìdí-Ẹmì. Thècle, olùkọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí èmi gan-an kọ́ níwèé, ni wọ́n fún ní Òkè-Òkúta. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá omi tí àwọn ènìyàn ń rí tẹ́ wọn lọ́rùn. Thècle tú tirẹ̀ bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́: "Níbo lẹ ti ń pọnmi? Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́? Ta ló ń lọ?" Mo sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ kò ní ọ̀wọ̀ nínú. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mẹ́tíìrì," bó ṣe ń pe èmi olùkọ́ rẹ̀ láti kíláàsì, "òùngbẹ náà kò ní ọ̀wọ̀." Mo kà á sí ìwà àwọn ọmọ ìsinsìnyí.

Ọjọ́ méjì ni mo fi tú tèmi. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, kó lè dún bí ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí. Bí èmi àti Dókítà bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé kan, màá ṣí fìlà, màá ní, "Ẹ kú ilé o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Oko ńkọ́? Omi ńkọ́?" Wọ́n á ní, "A dúpẹ́." Dókítà á tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé omi tẹ́ wọn lọ́rùn. Ilé ogójì ni a yà, "a dúpẹ́" mọ́kàndínlógójì ni a kó bọ̀. Ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló yàtọ̀, Màmá Moutiatou. Mo ní, "Omi ńkọ́, Màmá?" Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Omi wo?" Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbéèrè kò yé e. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò kó má baà da nǹkan rú.

Àbọ̀ ìwádìí dé ní oṣù Kìíní. Lójú ewé kọkànlá, wọ́n kọ ọ́ pé omi tẹ́ àwọn ará Ìdí-Ẹmì lọ́rùn, wọ́n sì kọ "ìdánilójú gíga" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí kànga máa lọ sí Òkè-Òkúta. Nísàlẹ̀, wọ́n yìn mí fún ìtumọ̀ "tó bọ̀wọ̀ fún àṣà". Gaétan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìyìn náà kí ojú mi tó padà sí òkè ewé.

Mo gun alùpùpù zémìjáàn lọ sí Ìdí-Ẹmì kí n lọ kà á fún wọn, ṣebí alájọṣe la pè é. Houlératou ń ti odò bọ̀, abọ́ omi lórí, oyún oṣù méje níwájú. O mọ bí odò ibẹ̀ ṣe máa ń rí lásìkò ẹ̀rùn: ihò kan láàárín àpáta méjì, tí ènìyàn á jókòó tì títí omi á fi sun jáde. Kí oòrùn tó yọ ló ti kúrò nílé. Oòrùn ti kan àtàrí kó tó dé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, kò tilẹ̀ sọ abọ́ kalẹ̀.

"Bàbá, ta ló sọ pé omi tẹ́ wa lọ́rùn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Nígbà wo?"

"Mo ní omi ńkọ́, ẹ ní a dúpẹ́."

"Ẹ kí wa, a dá yín lóhùn! Ṣé ẹni tí kò tíì jókòó, tó tún kó àlejò sẹ́yìn, ni kí n máa ro ẹjọ́ omi fún lẹ́nu ọ̀nà?" Ó tún abọ́ orí rẹ̀ ṣe, ó wá ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Ìpàdé ìkẹyìn wáyé ní Savalou lọ́jọ́ Ẹtì kan ní oṣù Kejì, nítorí pé gbọ̀ngàn ibẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn ìgbìmọ̀ ti mú bírò dání láti fọwọ́ sí i. Mo dìde, mo ní èmi ni mo ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ìkíni ni mo kí wọn, n kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ìdánilójú gíga ni, pé ilé mọ́kàndínlógójì kò lè jọ ṣìnà. Ọmọ Kétou ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ló fi ń ṣe ìwádìí, ó gbọ́ èdè wa bí omi. Ó sì ti ń wúkọ́ láti àárọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Mo yí sí i, mo ṣí fìlà.

"Dókítà, ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Bàbá." Ikọ́ sì gbé e, títí ẹnìkan fi sáré gbé omi wá.

Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara dókítà le, ìdánilójú gíga. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò bínú, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó pa àbọ̀ ìwádìí dé, ó mu omi rẹ̀ tán, ó sì tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀. Thècle ló rán lọ sí Ìdí-Ẹmì pẹ̀lú ìbéèrè aláìlọ́wọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo bá a gbé báàgì. Wọ́n dá Màmá Moutiatou padà sínú ìṣirò. Ìbéèrè Thècle yìí kan náà, nígbà tó tún padà lọ fi bi àwọn ará Òkè-Òkúta, ló jẹ́ ká rí i pé wọ́n ní ẹ̀rọ omi tẹ́lẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ nìkan ló já, tí kò sẹ́ni tó rántí sọ. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà fún wọn, kànga sì wá sí Ìdí-Ẹmì ní oṣù Kẹta.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Houlératou ti bí ọmọbìnrin, omi kànga náà ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Màmá Moutiatou jókòó sí ìdí ẹ̀rọ, igbá lọ́wọ́, bí ẹni pé ó ń ṣọ́ ọ. Mo kí i, mo kí i, ẹnu mi sì yọ̀: "Omi ńkọ́, Màmá?"

Ó ní, "A dúpẹ́."

N kò gbà á gbọ́. Mo gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, mo bu omi, mo mu ún. Ó tutù, Gaétan.

Bá mi kí Yolande, kí o sì bá mi wo orúnkún náà dáadáa kí o tó kọ̀wé padà. Kí àwọn ọmọ-ọmọ, kí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ wa ìgbàanì tó bá kù ní Parakou.

Èmi ni tìrẹ, láti inú àpótí kẹrin,
Félix.